Kí ni àkọsílẹ̀ pẹ́ńṣàn ìjọba ń sọ nípa ikú lẹ́yìn kòrónà?

Ọmọ Ìwádìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Fáìlì àjọ pẹ́ńṣàn ìjọba kan ló wà níwájú mi, wọ́n ti yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀. Òpó mẹ́fà ló ní: ọjọ́ ìbí, ọkùnrin tàbí obìnrin, iye pẹ́ńṣàn lóṣù, ọjọ́ tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọjọ́ tí owó dúró, àti kóòdù ìdí tó fi dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní 2016. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2025 ni wọ́n fà á jáde.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ikú láàárín àwọn tó ti fẹ̀yìntì ti padà sí bó ṣe wà kí kòrónà tó dé, àbí ó ṣì ga? Bí mo bá kàn fi iye àwọn tó ń gbowó pín iye àwọn tó kú lọ́dọọdún, 2021 ga fíofío, 2024 sì lọ sílẹ̀ ju 2019 lọ. Ìlọsílẹ̀ 2024 yẹn kò wọ̀ mí létí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Léjà

O ṣe é re tí kò wọ̀ ọ́ létí. Nínú fáìlì pẹ́ńṣàn, ọdún tó gbẹ̀yìn ló máa ń dára jù lójú, torí pé ẹni tó ti kú tí wọn ò tíì wá sọ fún ọ́fíìsì, alààyè ni lójú kọ̀ǹpútà. Owó rẹ̀ á ṣì máa wọ báńkì. Tó bá di oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì ọdún kan, ìròyìn á dé, wọ́n á padà lọ kọ ọjọ́ ikú sí ibi tó yẹ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé owó tí wọ́n ti san kọjá.

Nítorí náà, kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ní òpó ọjọ́ tí ìròyìn ikú dé ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá ní in, to ikú oṣù kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, kí o wá wo mélòó ni wọ́n ti mọ̀ lẹ́yìn oṣù 1, 3, 6 àti 12. Bí wọn ò bá ní in, ní kí wọ́n fún ọ ní fáìlì méjì tí wọ́n fà jáde ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ká sọ pé èyí tí wọ́n fà ní oṣù kẹsàn-án 2024 ní ikú 1,900 fún oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún yẹn, tí ti oṣù kẹta 2025 sì ní 1,976 fún oṣù mẹ́fà kan náà. Ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ló rìn lẹ́yìn. Ìdá 4 yẹn nìkan tó láti sọ ọdún tó le di ọdún tó rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, kóòdù. Àwọn òkú kì í wà lábẹ́ kóòdù "ó kú" nìkan. Wàá rí "a dá a dúró fún ìgbà díẹ̀", "kò fi ẹ̀rí wíwà láàyè ránṣẹ́", "owó padà láti báńkì". Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ, ìwé ni kò tíì tẹ̀lé wọn. Nígbà tí ayé tì pa ní 2020, àjọ pẹ́ńṣàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ dá béèrè ẹ̀rí wíwà láàyè dúró tàbí kí wọ́n sún un síwájú. Ẹni tó kú ní 2020 tó ń dá gbé, tàbí tó ń gbé lókè òkun, lè jẹ́ pé 2021 tàbí 2022 ni wọ́n tó mọ̀. Bí akọ̀wé bá wá kọ ọjọ́ tí wọ́n rí i gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ikú, ikú 2020 ti ṣí lọ sí 2022 nìyẹn, ẹnì kan á sì wá pariwo pé àwọn èèyàn ń kú lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn ti lọ.

Bí o ṣe máa mọ̀: to ọjọ́ ìdádúró jọ, kí o wo ọjọ́ tó bọ́ sí jù nínú oṣù. Ikú gidi kì í yan ọjọ́. Bí ọjọ́ kìíní oṣù bá kó ìdajì, ọjọ́ tí owó dúró lo ní lọ́wọ́, o kò ní ọjọ́ ikú. Bí ọjọ́ kan ṣoṣo bá ní ikú 300, ọjọ́ tí wọ́n fi fáìlì wọn wéra pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ikú ìjọba ni.

Ọmọ Ìwádìí

Ẹ ṣeun mà. Kò sí òpó fún ohun tó pa wọ́n. Ṣé kò ní dí wa lọ́wọ́?

Ìyá Léjà

Rárá o. Ìyẹn gan-an ni mo fi fẹ́ràn àkọsílẹ̀ pẹ́ńṣàn. Kò sí àríyànjiyàn pé kòrónà ló pa á tàbí kòrónà kàn wà lára rẹ̀ nígbà tó kú. Owó dúró, èèyàn ti lọ, ó parí. Àmọ́ má fi í dáhùn ìbéèrè tó kan àìsàn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ. Kò mọ̀ ọ́n.

Oníṣirò Ẹ̀mí

Ìyá ti bá wa fọ ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, má ṣe fi iye orí tó wà nínú ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pín ikú. Ọdún-ẹ̀mí ni kí o lò. Ẹni tó wà láàyè tó sì ń gbowó fún odindi ọdún jẹ́ ọdún-ẹ̀mí 1. Ẹni tó fẹ̀yìntì ní ọjọ́ kìíní oṣù keje jẹ́ bíi 0.5, ẹni tó kú ní òpin oṣù kẹta jẹ́ bíi 0.25. Ka ọjọ́, fi 365.25 pín in. Nígbà tí ọjọ́ ìbí ẹni náà bá kò láàárín ọdún, gé e sí méjì, kí ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀.

Wá pín gbogbo rẹ̀ sí ọkùnrin àti obìnrin, àti ọjọ́ orí ọdún márùn-ún márùn-ún: 60–64, 65–69, títí dé 90 sókè. Fún ìpín kọ̀ọ̀kan, mú àwọn ọdún tó ṣáájú kòrónà, fi ọdún-ẹ̀mí pín ikú, o ti ní ìwọ̀n. Gbé ìwọ̀n yẹn lé ọdún-ẹ̀mí àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, ikú tó yẹ ká retí nìyẹn. Ká fi obìnrin ọdún 75–79 ṣàpẹẹrẹ: ọdún-ẹ̀mí 24,000 ṣáájú kòrónà, ikú 600, ìwọ̀n ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2022/23, ìyẹn oṣù keje 2022 sí oṣù kẹfà 2023, ọdún-ẹ̀mí 9,200, a retí 230, 244 ló kú. 244 lórí 230 jẹ́ 106 bí a bá fi 100 ṣe ìdiwọ̀n.

Má tíì pariwo 106 yẹn. Tí ikú tí a retí bá jẹ́ 230, síwá-sẹ́yìn tó kàn ń ṣèèṣì wá jẹ́ bíi 15, ìyẹn gbòǹgbò onílọ́po-méjì (square root) 230. Mẹ́rìnlá tó fi lé kò tó nǹkan. Kí o tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa nípa ìyàtọ̀ ìdá 5, ó yẹ kí ikú tó o ní lọ́wọ́ tó bíi 1,082. Iye tí àwọn actuary, ìyẹn àwọn oníṣirò ewu àti pẹ́ńṣàn, ti ń lò tipẹ́ nìyẹn fún ìdánilójú ìdá 90. Nítorí náà, àròpọ̀ gbogbo ìpín ni kí o fi ṣe ìdájọ́. Ìpín kọ̀ọ̀kan wà fún wíwo ibi tó ti ń ta lásán.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọjọ́ orí: àwọn tí wọ́n bí ní 1946 àti 1947, nígbà tí ìbímọ gbèrú lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, pé ọdún 75 ní 2021 àti 2022. Bí wọ́n ṣe ń rọ́ wọ inú ọjọ́ orí tí ikú ti ń pọ̀, iye òkú á máa lọ sókè lọ́dọọdún bí kòrónà kò tilẹ̀ wáyé rárá.

Adúlójú

Ọ̀gá Oníṣirò, "ikú tó yẹ ká retí" yẹn ni gbogbo ìjà wà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní UK. Ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba wọn, ONS, ti ń lo ìpíndọ́gba ikú ọdún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, láì ro pé àwọn aráàlú ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń dàgbà sí i. Pẹ̀lú ọ̀nà yẹn, ikú tó lé ní 2023 jẹ́ 31,442. Ní oṣù kejì 2024 wọ́n gbé ọ̀nà tuntun jáde, èyí tó ka ọjọ́ orí àti iye aráàlú mọ́ ọn. Ọdún 2023 kan náà, òkú kan náà, ikú tó lé wá di 10,994. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún pòórá nínú ìṣirò, kò sì sí òkú tó jí.

Ẹni tó bá fẹ́ dá èèyàn lójú pé nǹkan burú á mú ọ̀nà àtijọ́. Béèrè ìpìlẹ̀ tí wọ́n lò kí o tó ka nọ́mbà ẹnikẹ́ni.

Àkàndé Dátà

Kí n fi ti Amẹ́ríkà kún un, torí pé tiwọn ni ọ̀pọ̀ àjọ pẹ́ńṣàn ìjọba ibẹ̀ ń fi ara wọn wé. Ikú nínú èèyàn 100,000, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìyàtọ̀ ọjọ́ orí kúrò:

2019: 715.2
2020: 835.4
2021: 879.7
2022: 798.8
2023: 750.5

2021 fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju 2019 lọ. 2023 ṣì fi bíi ìdá 5 ga. Àmọ́ èyí jẹ́ bí a bá gbà pé ìwọ̀n 2019 ni yóò dúró síbẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n kí kòrónà tó dé, ikú ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí a bá sọ pé ì bá fi ìdá 1 dín kù lọ́dọọdún, a ó retí 687 ní 2023. Lójú ìyẹn, 750.5 fi ìdá 9 ga. Ìdá 5 àbí ìdá 9? Méjèèjì tọ̀nà, ìbéèrè wọn ni ò jọra: "ṣé a ti padà síbi tí a wà?" àti "ṣé a ti dé ibi tó yẹ ká dé?" Kọ méjèèjì sínú ìwé rẹ, ìlà méjì lórí àwòrán kan náà.

Ajírebi

Nǹkan kan wà tí ẹ ò tíì mẹ́nu bà. Àwọn tó kú ní 2020 àti 2021, ọ̀pọ̀ wọn ló ti dàgbà, tí ara wọn ò sì dá mọ́. Àwọn tó kù, àwọn tó lágbára ni. Ṣé kò yẹ kí ikú 2022 àti 2023 wá kéré ju ti tẹ́lẹ̀? Bó bá jẹ́ pé ṣe ló ṣì ga, nǹkan mìíràn ló ń pa èèyàn nìyẹn.

Oníṣirò Ẹ̀mí

Ìbéèrè gidi nìyẹn, Ajírebi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí a tó fà á lọ síbi tí kò dé. Mú èèyàn 10,000 tó jẹ́ ọmọ ọdún 80–84. A retí kí 700 kú lọ́dún. Ká ní àrùn fi 150 kún un. Ká tún ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn 150 yẹn, ìyẹn 50, ni ì bá kú láàárín ọdún méjì tó tẹ̀lé e bí àrùn kò bá tilẹ̀ dé. Ikú tó kàn yá ọjọ́ lọ́wọ́ ọ̀la ni. Ní ọdún méjì yẹn, ikú 25 ló máa sọnù lọ́dọọdún nínú 700, ìyẹn ìdá 3 àti ààbọ̀. Síwá-sẹ́yìn tó ń ṣèèṣì wá lórí 700 jẹ́ 26. Ohun tí ẹ ń wá kò ju ariwo tó bò ó lọ.

Ọgọ́rùn-ún tó kù nínú 150 ńkọ́? Wọ́n jáde kúrò nínú òkú, wọ́n sì jáde kúrò nínú ọdún-ẹ̀mí pẹ̀lú, nítorí náà ìwọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Nínú àjọ kékeré, ẹ ò lè rí i. Nínú àjọ tó ní ikú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀ lọ́dún, ẹ lè rí i fún oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ìgbì ńlá kọ̀ọ̀kan, pàápàá láàárín àwọn tó wà ní ọdún 85 sókè. Òdì kejì rẹ̀ tún wà: ẹni tí àrùn ò pa ṣùgbọ́n tó ba ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, àti ẹni tó pẹ́ kó tó rí dókítà. Ọ̀kan ń fa ìwọ̀n wálẹ̀, ìkejì ń tì í sókè, fáìlì pẹ́ńṣàn ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó ń fi hàn ò ju àyọrísí méjèèjì lọ. Ẹni tó bá ní òun rí ọ̀kan nínú wọn kedere nínú àkọsílẹ̀ pẹ́ńṣàn nìkan, ẹ ní kó ṣí ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ ká wò ó.

Alákọsílẹ̀

Ewu tó tún wà ju ìyẹn lọ ni pé àwọn tó wà nínú fáìlì kì í ṣe irú èèyàn kan náà ṣáájú àti lẹ́yìn kòrónà. Mẹ́ta ni mo máa tọ́ka sí.

Àwọn opó. Nígbà tí ẹni tó ni pẹ́ńṣàn bá kú, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpín tirẹ̀. Ìlà tuntun nínú fáìlì nìyẹn. Ikú pọ̀ ní 2020 àti 2021, nítorí náà opó tuntun pọ̀ ní 2021 àti 2022. Ikú láàárín opó sì máa ń ga ju ti àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn fẹ̀yìntì lọ ní ọjọ́ orí kan náà. Bí o bá da àwọn méjèèjì pọ̀ sójú kan, ìwọ̀n lápapọ̀ á gòkè ní 2022 láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára ẹnikẹ́ni. Yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwé ìṣirò Pub-2010 tí Society of Actuaries ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2019 láti inú àkọsílẹ̀ pẹ́ńṣàn ìjọba, tábìlì tiwọn lọ́tọ̀ ni wọ́n ṣe fún wọn.

Àwọn tó fẹ̀yìntì nítorí àìlera. Ìwọ̀n ikú tiwọn lè jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ orí 60. Kóòdù wọn sábà máa ń yí padà sí "ìfẹ̀yìntì lásán" nígbà tí wọ́n bá pé ọjọ́ orí kan, nítorí náà wo kóòdù àkọ́kọ́, má wo ti ìsìnyí.

Àwọn tó tètè fẹ̀yìntì ní 2020 àti 2021. Àwọn kan lọ torí pé ẹ̀rù àrùn ń bà wọ́n, àwọn kan torí pé wọ́n ti ń ṣàìsàn. Pín ìpín 60–64 sí àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 lẹ́nu ìfẹ̀yìntì àti àwọn tó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ìpín àkọ́kọ́ nìkan bá ṣe ségesège, irú àwọn tó wọlé ló yí padà.

Ìyá Léjà

Alákọsílẹ̀, o ṣeun. Mo ti rí ìròyìn tí wọ́n kọ sórí ọ̀rọ̀ opó yẹn láìmọ̀.

Ẹ fi èyí kún un: kíka orí àti kíka owó. Nínú kíka orí, ẹnì kan jẹ́ ẹnì kan. Nínú kíka owó, ẹni tó ń gba pẹ́ńṣàn ìlọ́po márùn-ún ní ohùn ìlọ́po márùn-ún, nínú ikú àti nínú ọdún-ẹ̀mí. Ẹni tí pẹ́ńṣàn rẹ̀ tóbi máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí tirẹ̀ kéré lọ, kòrónà sì mú àwọn tí kò rí jájẹ ju àwọn tó rí jẹ lọ. Nítorí náà ikú tó lé sábà máa ń kéré nínú kíka owó. Ẹni tó ń ṣírò gbèsè àjọ á lo owó. Ẹni tó ń wádìí ìlera á lo orí. Ṣe méjèèjì, kí o sì kọ èwo ni èwo sí orí tábìlì.

Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn tó ní pẹ́ńṣàn ìjọba kì í ṣe àpẹẹrẹ gbogbo ìlú. Pub-2010 yẹn kó ọdún-ẹ̀mí bíi mílíọ̀nù 46 àti ikú bíi 580,000 jọ, láti 2008 dé 2013, síbẹ̀ ìyàtọ̀ hàn kedere láàárín olùkọ́, àwọn agbófinró àti panápaná, àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Àwọn olùkọ́ ló ń pẹ́ láyé jù. Bí àjọ rẹ bá jẹ́ ti olùkọ́ ní púpọ̀, ìwọ̀n orílẹ̀-èdè tí Àkàndé kọ sókè yẹn wà fún wíwo ìrìn nìkan. Má fi gígùn rẹ̀ wọn tìrẹ.

Àkàndé Dátà

Mo gbà fún Ìyá. Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá ń lo àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà: Death Master File, ìyẹn àkójọ orúkọ òkú ti Social Security, àjọ owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí ọ̀pọ̀ àjọ ń fi wá àwọn òkú wọn. Ní oṣù kọkànlá 2011 wọ́n yọ àwọn ìlà tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ wá kúrò nínú èyí tí aráyé lè rà, bíi mílíọ̀nù 4.2 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń wọlé lọ́dọọdún sì fi bíi mílíọ̀nù kan dín kù. Lẹ́yìn òfin ọdún 2013, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò lè rí ikú ẹnikẹ́ni títí ọdún kàlẹ́ńdà mẹ́ta á fi kọjá lẹ́yìn ikú náà.

Ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ: àjọ tó bá gbẹ́kẹ̀ lé fáìlì yẹn nìkan á rò pé àwọn èèyàn rẹ̀ kò kú mọ́. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún á máa pọ̀ nínú ìwé. Ka àwọn tó lé ní 100 nínú fáìlì rẹ. Bí iye wọn bá ń gòkè láìsí ìdí, ibẹ̀ ni ihò wà. Ìwé ikú ìpínlẹ̀, ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹbí àti ìkéde òkú ni kí o fi dí i.

Ọmọ Ìwádìí

Ẹ kú làálàá. Àwọn tó ń ṣe tábìlì fún gbogbo ayé pẹ́ńṣàn, báwo ni wọ́n ṣe ṣe ti 2020 àti 2021? Ṣé wọ́n yọ wọ́n kúrò ni?

Adúlójú

Ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, CMI, ẹ̀ka tó ń wádìí ikú lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn actuary ibẹ̀, máa ń gbé àwòṣe jáde lọ́dọọdún. Nínú CMI_2020, ìwọ̀n òdo ni wọ́n fún dátà 2020, ìyẹn ni pé wọn ò kà á sí ìṣirò rárá. CMI_2021 fún 2020 àti 2021 ní òdo. Ní CMI_2022, wọ́n fún 2022 ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. CMI_2023 fún 2022 àti 2023 ní ìdá 15 ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó wá di CMI_2024, wọ́n jáwọ́ nínú fífún ọdún ní ìdá. Wọ́n gba gbogbo dátà wọlé, wọ́n sì fi ipa àjàkálẹ̀ àrùn ṣe ìpele lọ́tọ̀ lórí rẹ̀, èyí tó ń rọlẹ̀ ní ìdajì-ìdajì bí ọdún ṣe ń lọ.

Ọ̀nà tuntun yẹn ni mo fara mọ́. Òdo, 25, 15: ọwọ́ èèyàn ló ń gbé wọn, kò sí ohun tó wà nínú dátà tó sọ pé 25 ni kó jẹ́ tàbí 40.

Ní Amẹ́ríkà, MP-2021 ni ìwé ìdínkù ikú tí Society of Actuaries gbé jáde gbẹ̀yìn nínú ọ̀wọ́ náà. Dátà rẹ̀ dúró ní 2019. Nígbà tí 2022 dé, wọ́n ní àwọn ò ní gbé tuntun jáde, torí pé dátà 2020 á da ìlà ìdínkù rú. Nítorí náà ọ̀pọ̀ àjọ níbẹ̀ ń fi ìlà tí a fà kí kòrónà tó dé ṣírò ikú àwọn tó wà láàyè lẹ́yìn rẹ̀.

Ajírebi

Pólándì ṣe òdì kejì, ẹ sì wo ohun tó dà. Níbẹ̀, pẹ́ńṣàn jẹ́ àpapọ̀ owó tí èèyàn kó jọ, tí wọ́n fi iye oṣù tí wọ́n retí kó tún lò láyé pín. Ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba wọn, GUS, máa ń kéde iye oṣù náà lọ́dọọdún láti inú ikú ọdún tó ṣáájú, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Wọn kì í yọ ọdún kankan. Fún ẹni ọdún 60:

2020: oṣù 261.5
2021: 247.7
2022: 238.9
2023: 254.3
2024: 264.2
2025: 266.4

Ẹni tó kó 400,000 złoty jọ, tábìlì 2020 fún un ní 1,529.64 lóṣù, ti 2022 fún un ní 1,674.34, ti 2024 fún un ní 1,514. Owó kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Ẹni tó gba tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì 2022 á máa jẹ ìyàtọ̀ yẹn títí lọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ayé tirẹ̀ kò kúrú sí i nítorí pé àwọn ẹlòmíràn kú ní 2021. Òfin wọn tún jẹ́ kí ẹni tó pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì lábẹ́ tábìlì yẹn, ṣùgbọ́n tó fi sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú, lo ti ọjọ́ tó pé ọjọ́ orí náà bó bá sàn fún un jù.

Àmọ́ ọ̀nà tí nọ́mbà náà gbà lọ ló yẹ ká wò: ó wálẹ̀ ní ọdún méjì, ní ọdún méjì mìíràn ó ti gòkè kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Oníṣirò Ẹ̀mí

Ajírebi, gbogbo aráàlú ni GUS ń kà, ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, kì í ṣe àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn nìkan. Síbẹ̀, ìrìn rẹ̀ bá ohun tí a ń rí níbòmíràn mu: òkè ní 2020 àti 2021, ìsọ̀kalẹ̀ láti 2022. Ọdún tí wọ́n retí kí èèyàn lò láyé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 78.8 ní 2019, ó já sí 76.4 ní 2021, ó sì padà dé 78.4 ní 2023. Kò sí ìlà ikú tuntun tó dúró sókè gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe bẹ̀rù ní 2021. Ohun tó kù nílẹ̀ ni ìlọsíwájú ọdún mẹ́rin tó sọnù, èyí tí a kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n á rí gbà padà.

Ní ti owó, àwọn tó ti kú kò dín gbèsè kù tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbowó bá kú lé e, tí ọ̀pọ̀ wọn sì wà ní nǹkan bí ọdún 85, ọdún 6 sí 7 péré ló kù tí wọn ì bá fi gbowó, nígbà tí ẹni ọdún 65 ní bíi 19 sí 20. Ìdá 1 nínú orí lè má ju ìdajì ìdá 1 nínú gbèsè lọ, opó á sì gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá yí ìlà ọjọ́ iwájú padà tí ẹni ọdún 65 fi ọdún kan ṣoṣo pẹ́ sí i tàbí kúrú sí i, bíi ìdá 3 sí 4 ni gbèsè fi máa yí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ná àsìkò yín sí.

Ọmọ Ìwádìí

Ó yé mi, ọ̀gá. Èwo wá ni kí n gé, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Oníṣirò Ẹ̀mí

Má lo oṣù kìíní sí oṣù kejìlá, torí pé òtútù kan máa ń pín sí ọdún méjì. Ọ̀fìnkìn tó le ní ìparí 2022 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Lo oṣù keje sí oṣù kẹfà. Ìpìlẹ̀: 2016/17, 2017/18 àti 2018/19. Gé 2019/20 sí méjì ní òpin oṣù kejì 2020, má sì fi ìkankan nínú rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, 2020/21 títí dé 2023/24. Wọ́n fa fáìlì náà jáde ní oṣù kẹta 2025, nítorí náà ikú oṣù kẹfà 2024 ti ní oṣù mẹ́sàn-án láti fi dé ìwé. Ohun tó bá kọjá ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2024, fi sílẹ̀.

Ìyá Léjà

Kí o tó ṣe ìkankan nínú ìyẹn, ṣe èyí: fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ṣe àròpọ̀ pẹ́ńṣàn gbogbo oṣù tí fáìlì sọ pé wọ́n san, kí o fi wé owó pẹ́ńṣàn tó wà nínú ìwé ìṣúná àjọ náà fún ọdún yẹn. Yọ owó ìdágbére ìfẹ̀yìntì kúrò kí o tó fi wọ́n wéra. Bí ti fáìlì bá kéré, àwọn ìlà kan ti sọnù, ó sì sábà máa ń jẹ́ ti àwọn tó ti kú pẹ́, tí wọ́n ti kó lọ sí àpótí àkọsílẹ̀ àtijọ́. Ìyẹn á jẹ́ kí ikú 2016 sí 2018 kéré, ìpìlẹ̀ rẹ á wálẹ̀, gbogbo ọdún tó tẹ̀lé e á sì dà bí ẹni pé ikú pọ̀ níbẹ̀. Béèrè fún àpótí yẹn lọ́wọ́ wọn tààrà, torí pé wọn kì í rántí fi í kún un.